Àlàfo Ló Ń Ṣe Iṣẹ́ Náà: Ìdáhùn fún Aládìrẹ Kan ní Òṣogbo

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣe àdìrẹ. Mo ṣe aṣọ fún ẹgbẹ́ méjì tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun. Irú aṣọ kan náà ni, inú ìkòkò aró kan náà ni mo sì ti rẹ méjèèjì. Èyí tí mo ya òbìrí ńláńlá sí, tọmọdé tàgbà ló ń bèèrè rẹ̀. Èyí tí mo fi àbẹ́là yíyọ́ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí, àwọn kan ní ó ń ṣe ojú àwọn wìrìwìrì. Ìyá kan tilẹ̀ ní orí ń fọ́ òun nígbà tí òun jókòó sẹ́yìn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn kò fẹ́ gba tirẹ̀ rárá, ó ní ìlà ìbú ń mú kí òun sanra. Ṣé bátànì lè ṣe èèyàn ní nǹkan lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà lásán ni? Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní ìwà èèyàn náà ní bátànì tirẹ̀, pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ là mí lóye.

ÌDÁHÙN

Àrẹdú o, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ní orí ń fọ́ òun ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló sún mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ náà jù. Kò parọ́, kò sì ṣe àṣejù. Bátànì lè mú orí fọ́ èèyàn. Ó lè mú kí awakọ̀ tẹ bíréèkì, ó lè lé eṣinṣin, ó lè mú kí páànù tín-ínrín gba òjò ogún ọdún, ó sì lè so ọ̀dọ́kùnrin mọ́ ìdí tẹ́tẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa wò nínú gbogbo wọn ni àlàfo. Àwòrán tí a ń tún yà léraléra ni ojú wa máa ń lọ bá, òun la sì máa ń sọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín ìkíní àti ìkejì ló ń ṣe iṣẹ́ náà: bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe dọ́gba tó, àti bó ṣe rí lójú ẹni tó pàdé rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Mú òbìrí rẹ yẹn kan náà, kó o fún un mọ́ra, aṣọ mìíràn ni wàá rí. Tú u ká, òmíràn tún ni.

Apá ẹ̀yìn ọpọlọ ni iṣẹ́ ìríran pọ̀ sí. Ní 1959, David Hubel àti Torsten Wiesel, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, tẹ ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ ológbò jáde: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Àwọn kan ń dáhùn sí ìlà tó nàró, àwọn kan sí ìlà tó dùbúlẹ̀, àwọn kan sí èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú wọn gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Bí o bá dúró létí odò tí o ń wo igbó Ọ̀ṣun, gbogbo àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń rí díẹ̀díẹ̀ ṣe, torí ìtì igi ńlá wà níbẹ̀, ẹ̀ka wà, ewé wẹ́wẹ́ wà, oòrùn ń yọ́ wọlé láàárín wọn, kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dọ́gba, tó kọjú sí ọ̀nà kan náà, kún aṣọ láti èjìká dé ẹsẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ jẹ́ tiwọn nìkan ni gbogbo ẹrù já lé léjìká, gbogbo wọn sì ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú. Àwọ̀ tí o kò rẹ á máa yọ láàárín ìlà. Ẹni tí orí rẹ̀ kò gba wàhálà, ní pàtàkì ẹni tí túúlu ń bá jà, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Arnold Wilkins, onímọ̀ ìrònú àti ìríran ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú ìlà báyìí. Ó rí i pé èyí tó ń dààmú èèyàn jù ni èyí tí ìlà dúdú bíi mẹ́ta àti funfun bíi mẹ́ta ń wọ inú ìwọ̀n dígírì kan lójú ẹni tó ń wò ó. Má jẹ́ kí dígírì dẹ́rù bà ọ́. Na apá rẹ síwájú gbọọrọ, kó o gbé ìka tó kéré jù sókè. Fífẹ̀ ìka náà lójú rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dígírì kan. Bí ìka yẹn bá bo ìlà dúdú mẹ́ta àti funfun mẹ́ta lára aṣọ tó wà níwájú rẹ, ibi tí wàhálà wà lo dúró sí gan-an.

Wàyí o, ìka yìí fi hàn pé ọ̀nà jíjìn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Fún ẹni tó wà ní mítà méjì sí aṣọ, dígírì kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀. Ìlà tó fẹ̀ tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà tàbí kó lé díẹ̀ ló máa yọ ọ́ lẹ́nu jù. Mítà méjì sì nìyẹn: ibi tí ìyá wa jókòó sí nìyẹn tó bá jẹ́ pé ìlà àga kejì ló wà lábẹ́ kánópì. Ẹni tó wọ aṣọ náà kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó dúró lódì kejì títì náà kò mọ nǹkan kan, torí láti ọ̀ọ́kán, ìlà wọ̀nyẹn ti yọ́ mọ́ra, wọ́n ti di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Aṣọ kan, èèyàn mẹ́ta, ẹ̀rí mẹ́ta, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má ṣe gbà tàbí kọ ọnà kan lórí tábìlì. Orí tábìlì kọ́ ni aṣọ máa gbé.

Ohun mẹ́ta míì ló tún ń dá kún un: kí dúdú àti funfun fẹ̀ dọ́gba, kí ìyàtọ̀ àwọ̀ wọn le, àti kí ìlà náà gùn gbọọrọ láìṣẹ́po. Yọ ọ̀kan nínú wọn, ara á rọ ojú. Àwọn kan wà tí wárápá ń ṣe tí irú ìlà yìí lè gbé e dìde fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pọ̀. Èyí tó ń ṣẹ́jú léraléra tún burú ju èyí tó dúró sójú kan lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, nínú eré àwọn ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní Pokémon lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Japan, iná pupa àti búlúù ṣẹ́jú síra wọn nǹkan bí ìgbà méjìlá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ọmọ tó lé ní 600 ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn. Ká ní pupa àti búlúù yẹn dúró sójú kan ni, wọn ì bá má ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àlàfo kúkúrú tó wà láàárín ìgbà tí iná ṣẹ́ àti ìgbà tó tún ṣẹ́ ló ṣe wọ́n.

Wá ronú sí àdìrẹ tí àwọn ìyá wa ṣe, tó kún fún ìlà tí kò sì dá ẹnikẹ́ni lójú rú. Bó bá jẹ́ oníko, ibi tí ìko ti fún aṣọ, aró á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, etí òbìrí náà á sì rọ̀ láti dúdú lọ sí búlúù, láti búlúù lọ sí funfun. Bó bá jẹ́ alábẹ́rẹ́, ojú okùn kò bára mu tán, ibì kan fún, ibì kan dẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ láfún sí i, ọwọ́ èèyàn sì ń mí. Ìlà kan á nípọn díẹ̀ ju èkejì lọ, àlàfo kan á fẹ̀ díẹ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ. Wọ́n tún ń pín ojú aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ọnà tó wà nínú igun kan kì í sì í jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó múlé gbè é. Wo Ìbàdàndùn: òpó gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀, ṣíbí wà láàárín òpó, kí ojú tó sú òpó ó ti bọ́ sórí nǹkan míì. Wo Oṣù Bàm̀bà: òṣùpá ńlá, àwọn kéékèèké yí i ká. Títóbi méjì ló wà nínú aṣọ kan, nítorí náà ó ní ohun tó ń sọ fún ẹni tó wà nítòsí, ó sì ní èyí tó ń sọ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Òbìrí ńláńlá rẹ tí gbogbo ayé ń bèèrè, ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ràn rúlà, mi ò ní kó o jù ú nù, ṣùgbọ́n bí rúlà àti àbẹ́là bá pàdé lọ́wọ́ ẹni tó ní sùúrù, ìlà tó máa jáde á dọ́gba ju ohun tí ojú èèyàn fẹ́ lọ.

Ó ku ẹni tó ní ìlà ìbú sọ òun di ẹni tó sanra. Ọ̀rọ̀ yìí ti di òfin lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, pé ìlà ìbú ń fẹ èèyàn, ìlà òòró ń fà á ga. Ní 1867, Hermann von Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì, kọ òdì kejì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rọrùn fún ọ láti dán an wò lálẹ́ òní. Ya igun mẹ́rin ọgbọọgba méjì sórí pépà, kí méjèèjì bára mu. Fa ìlà ìbú kún ọ̀kan, fa ìlà òòró kún èkejì. Èyí tó ní ìlà ìbú ni wàá rí bí ẹni pé ó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó ní ìlà òòró á dà bíi pé ó fẹ̀. Àyè tí a bá gé sí wẹ́wẹ́ máa ń gùn lójú ju èyí tí a fi sílẹ̀ lófo lọ. Ojú ń gun ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àlàfo kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ló ń kà mọ́ ọ̀nà tó rìn. Peter Thompson àti Kyriaki Mikellidou ní Yunifásítì York tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò pẹ̀lú àwòrán èèyàn, wọ́n tẹ èsì jáde ní 2011, wọn kò sì rí i pé ìlà ìbú ń sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó sanra.

Ṣùgbọ́n má tìtorí èyí lọ bá oníbàárà rẹ jiyàn. Orí pépà pẹrẹsẹ ni Helmholtz wà, oníbàárà rẹ ní ikùn, ó ní ìdí. Ìlà ìbú tó tọ́ máa ń tẹ̀ síbi tí ara bá tẹ̀ sí, gbogbo ibi tó bá yọ ni ìlà á yọ pẹ̀lú rẹ̀, àlàfo á fẹ̀ níbẹ̀, á sì fún mọ́ra níbòmíì. Ohun tí oníbàárà yẹn rí nínú dígí nìyẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí o bá fọ́ ìlà náà sí kéékèèké, tí ó ń já, tí ó tún ń bẹ̀rẹ̀, ojú kò ní rí okùn tó máa tẹ̀ lé yí ara ká mọ́.

Kí n tó kúrò lórí aṣọ, ọ̀rọ̀ fóònù. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ yín ti ń tajà báyìí, fóònù sì ní bátànì tirẹ̀: inú kámẹ́rà rẹ̀ kún fún àwọn ojú kéékèèké tí wọ́n tò ní àlàfo tó dọ́gba. Bí àlàfo ìlà aṣọ rẹ bá fẹ́ sún mọ́ àlàfo àwọn ojú wọ̀nyẹn, ẹ̀kẹta á yọ láàárín àwọn méjèèjì, ìgbì ńlá tó ń rìn lójú aṣọ, tí kò sí nínú aṣọ, tí kò sì sí nínú kámẹ́rà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ fún àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n má wọ ẹ̀wù onílà wẹ́wẹ́. Sún mọ́ aṣọ náà kó o tó ya fọ́tò, tàbí kó o sún sẹ́yìn díẹ̀, ìgbì náà á lọ.

O bèèrè bóyá bátànì lè ṣe nǹkan lóòótọ́. Bi àwọn ẹranko. Sẹ́bírà, ẹranko tó dà bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ti pẹ́ tí ó ti ń dà àwọn onímọ̀ láàmú: kí ni ìlà dúdú àti funfun ń ṣe fún un nínú pápá gbalasa? Ní 2019, Tim Caro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe ohun tí inú mi dùn sí gan-an gẹ́gẹ́ bí aláṣọ: wọ́n wọ aṣọ fún ẹṣin. Wọ́n wọ aláwọ̀ kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n tún wọ abilà fún wọn. Eṣinṣin amùjẹ̀ ń fò yí gbogbo wọn ká, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè bà lórí aṣọ abilà kéré gan-an sí àwọn tó bà lórí àwọn aṣọ yòókù. Ní orí ẹṣin, níbi tí aṣọ kò dé, eṣinṣin bà bó ṣe ń bà tẹ́lẹ̀. Láti òkèèrè, wọ́n rí ẹran; nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tán, ìlà dà wọ́n lójú rú, wọn kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n rọra bà, àwọn kan fò kọjá, àwọn kan forí sọ ọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní Japan kun ìlà funfun sára màlúù dúdú, eṣinṣin tó bà sára wọn sì dín kù sí nǹkan bí ìdajì.

Ejò ọká ṣe é lódìkejì. Ọnà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, igun mẹ́rin, igun mẹ́ta, àwọ̀ ewé gbígbẹ, àwọ̀ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń gé etí ara rẹ̀ já. Ojú wa máa ń wá etí nǹkan kó tó mọ ohun tí nǹkan jẹ́. Nígbà tí ọnà bá ti já etí náà sí wẹ́wẹ́, o lè máa wo ejò lójú kó o sì máa rí ewé. Àwọn tó ń rìn nínú oko mọ ohun tí mò ń sọ.

Báwo ni ara ẹranko ṣe ń mọ ibi tó máa kun? Alan Turing, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí kọ̀ǹpútà, kọ̀wé lórí èyí ní 1952. Ó ní èròjà méjì péré ti tó. Ọ̀kan ń mú ara rẹ̀ pọ̀ sí i níbi tó bá wà, ó sì ń bí èkejì; èkejì ń dí ìkíní lọ́wọ́, ó sì ń yára tàn káàkiri jù ú lọ. Níbi tí ìkíní bá ti ráyè gbilẹ̀, tótó dúdú, àmì rogodo kan, á yọ. Gbogbo àyíká tótó náà, èkejì ti gba ibẹ̀, kò sí tótó míì tó lè yọ níbẹ̀ àfi níwájú díẹ̀. Ìwọ wò ó, kò sí ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìẹ yà á. Bí èkejì ṣe ń yára tó ló ń pinnu àlàfo, àlàfo yìí àti bí àyè náà ṣe fẹ̀ tó sì wà lára ohun tó ń pinnu bóyá tótó ni tàbí ìlà. Lára ẹtà, ìwọ fúnra rẹ lè rí i: tótó ló kún ara rẹ̀ tó fẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ìrù rẹ̀, òrùka ló yí i ká, torí lójú àyè tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, tótó kan ti kún un láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́.

Ti oyin kò pẹ́ sọ. Igun mẹ́fà ló fi ń mọ afárá rẹ̀, torí nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà pín ojú kan sí àyè tó dọ́gba, igun mẹ́fà ni ògiri rẹ̀ kéré jù lápapọ̀. Thomas Hales, ọmọ Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1999. Ìda tí oyin kò lò, oyin tí yóò jẹ ni.

Àwọn tó ń kọ́lé àti àwọn tó ń ṣe títì mọ̀ ọ́n lò. Wo páànù orí ilé ní Òṣogbo wa. Irin pẹrẹsẹ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, bí o bá gbé e sórí igi méjì, á rọ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1829, Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní London lórí irin tí wọ́n ká ní ìgbì ìgbì. Irin kan náà ni, ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ìgbì náà ti gbé apá kan irin lọ sókè, ó ti sọ apá kan kalẹ̀, kíká rẹ̀ sì wá le gan-an. Ó le lọ́nà kan ṣoṣo o: gbìyànjú láti ká a lọ́nà kejì, á ká wọ́ọ́rọ́wọ́. Bátànì ní ìhà tó kọjú sí, ó yẹ kí o rántí èyí tí o bá ń gé aṣọ.

Ní Chicago ní 2006, níbi kọ́nà kan tó léwu lójú ọ̀nà Lake Shore Drive, wọ́n kun ìlà funfun dábùú títì, àlàfo wọn sì ń fún mọ́ra bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ kọ́nà. Awakọ̀ tí kò yí eré padà á rí i pé ìlà ń yára kọjá lábẹ́ òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara rẹ̀ á sọ fún un pé eré òun ń pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ sórí bíréèkì kó tó rò ó. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí gẹ́gẹ́lẹ́ tó ń fọ́ táyà. Ó wù mí kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ láwọn kọ́nà wa.

Mo mọ̀ pé wàá ti lọ sí igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àjọni ayé ní 2005. Nígbà tí o bá tún lọ, má wo ère nìkan, wo ògiri tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa mọ, wo ọwọ́ Adébísí Àkànjí nínú sìmẹ́ǹtì. Wá ìlà tó tọ́ gbọọrọ, wá àlàfo méjì tó dọ́gba. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wàá rí. Ojú lè rìn káàkiri ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìrẹ̀, mo sì gbà pé àìdọ́gba yìí wà lára ohun tó fà á.

Àbúrò rẹ ńkọ́? Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó yára díẹ̀. Etí ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbà wọ ọ̀rọ̀ ìwà. Gbọ́ kónkóló, ìlù tí àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Àlàfo rẹ̀ kò dọ́gba: òmíràn gùn, òmíràn kúrú, a sì tún un lù láìdáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ oníjó ń wá ibi tó máa bọ́ sí nínú àìdọ́gba yẹn, ìbàdí ń dáhùn. Fi ìdajì wákàtí lu ìlù kan náà ní àlàfo tó dọ́gba, àwọn tó wà lójú agbo á bẹ̀rẹ̀ sí í yan bíi sójà.

Ní ti ìwà gan-an, B. F. Skinner àti Charles Ferster, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1957. Ẹyẹlé ni wọ́n lò, wọ́n gbé bọ́tìnì síwájú rẹ̀, tó bá fi ẹnu ṣá a, oúnjẹ lè jáde. Ẹyẹ kan náà, oúnjẹ kan náà. Àlàfo tó wà láàárín oúnjẹ kan àti èkejì ni wọ́n ń yí. Nígbà tí oúnjẹ ń wá lẹ́yìn àkókò kan tí kì í yẹ̀, ẹyẹ á sinmi tó bá jẹun tán, á wá máa kánjú bí àkókò ṣe ń kù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. O mọ ibi iṣẹ́ tí gbogbo nǹkan ti ń dákẹ́ lọ́sẹ̀ kìíní oṣù. Nígbà tí oúnjẹ ń wá lẹ́yìn iye ìṣá kan pàtó, ẹyẹ á sáré dé iye yẹn, á mí, á tún sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ́ kí iye náà máa yí, tí ẹyẹ kò lè mọ̀ bóyá ìṣá tó kàn ni tàbí ọgọ́rùn-ún síwájú, kò sinmi mọ́. Ó ń ṣá, ó ń ṣá. Nígbà tí wọ́n sì dáwọ́ oúnjẹ dúró pátápátá, irú ẹyẹ yìí ló pẹ́ jù kó tó gbà pé kò sí mọ́.

Bí ilé tẹ́tẹ́ ṣe ń sanwó gan-an nìyẹn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní ọ̀lẹ tàbí aláìlọ́pọlọ. Ẹni tó bá jẹ lẹ́ẹ̀kan ní àlàfo tí kò lè kà, ohun tó lágbára ti dì í mú, owó díẹ̀díẹ̀ tó sì ń jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dì í mú ju èyí tó ń pàdánù lọ. Bí o bá ní irú rẹ̀ nílé, ìbáwí nìkan kò tó. Ohun tó máa ya àlàfo náà ni kó o wá, bíi kí owó má ṣe sí lórí fóònù rẹ̀ lásìkò tó máa ń ta. Fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ náà, ó wúlò. Níbẹ̀rẹ̀, yìn wọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá dì í dáadáa. Nígbà tí ọwọ́ wọn bá ti gbó, jẹ́ kí ìyìn máa jìnnà síra, kó má sì ní ọjọ́ tó dájú, iṣẹ́ náà á di tiwọn.

Ibi tí àbúrò rẹ ti yára ni pé ó ní ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Orí tó ń fọ́ ìyá yẹn, sẹ́ẹ̀lì ìríran inú ọpọlọ ló fà á, kò retí nǹkan kan. Ẹyẹlé ń retí. Páànù kò rí, kò sì retí, irin ni. Kí a má so okùnfà wọn pọ̀ nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà jọra. Àmọ́ bí o bá fẹ́ yí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ padà nínú èyíkéyìí nínú wọn, àlàfo ni wàá fọwọ́ kàn.

Nípa aṣọ onílà tó kù lọ́wọ́ rẹ, má tà á ní ẹ̀dínwó, má sì sọ ọ́ nù. Dá a padà sínú aró lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí o bá ti sè é kí àbẹ́là kúrò tán, kí funfun yẹn di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyàtọ̀ àwọ̀ á dín kù, ìdajì wàhálà á sì lọ níbẹ̀. Èyí tó bá ṣì le jù, di òbìrí oníko díẹ̀ sójú rẹ̀ kó o tó rẹ ẹ́, kí òbìrí náà gé ìlà já ní ibi tí kò bára mu. Fún èyí tí o máa ṣe lẹ́yìn èyí, tí o bá ṣì fẹ́ ìlà, fẹ ìlà dúdú ju funfun lọ tàbí funfun ju dúdú lọ, kó o sì jẹ́ kí àlàfo máa yí bí o ṣe ń lọ. Yáàdì kan ni kó o kọ́kọ́ rẹ. Nígbà tó bá gbẹ, fi í kọ́ sórí okùn níta, dúró ní mítà méjì, na apá rẹ, gbé ìka kékeré yẹn sókè kó o ka ìlà tó bò. Lẹ́yìn náà lọ dúró lójú títì kó o tún wò ó, kó o sì ya fídíò rẹ̀ bí o ṣe ń rìn bọ̀. Ní ti oníbàárà tó kọ aṣọ rẹ̀, ṣe ìlà jíjá fún un, má sọ Helmholtz fún un o, jẹ́ kó wọ̀ ọ́ níwájú dígí kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.